Ọkọ Ọmọ Kì í Sọ Pé Ó Rẹ Òun

Kọfí ni mò ń bù fún wọn lọ́wọ́ níbi ìpàdé ṣọ́ọ̀ṣì nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi sọ ọ́. Ọpẹ́lọpẹ́ pé ife ti kúrò lọ́wọ́ mi, orí ẹnì kan ni ì bá dà sí, mo sì mọ orí ẹni náà.

"Kí la fẹ́ fi òṣìṣẹ́ mìíràn ṣe?" ó ní. "Ṣebí ọkọ ọmọ wa wà níbẹ̀."

Gbogbo àwọn alàgbà mi orí. Ẹni tó ń jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ díndín ń jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ rẹ̀ lọ.

Ọkọ ọmọ tí wọ́n ń wí yìí, ọkọ mi ni, Bàbá Sondang. Òun ni olùtọ́jú ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Lumban Hapadan láti ìgbà tí irun orí rẹ̀ ti dúdú kirikiri. Ẹ̀gbọ́n mi tó ń sọ̀rọ̀ yẹn, àkọ́bí bàbá mi ni, òun sì ni olórí àwọn alàgbà ìjọ. Bàbá-àgbà Parulian ni gbogbo ìlú ń pè é, nítorí Parulian ni àkọ́kọ́ nínú àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀. Ìdílé wa ló tẹ ìlú yìí dó. Àwọn baba wa ló fi ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì sílẹ̀, àwọn ọmọ wọn ló sì pọ̀ jù nínú ìgbìmọ̀. Ọkọ mi wá láti òdìkejì adágún, ó fẹ́ mi, ó sì dúró síbí. Ní ilẹ̀ àwa Batak, ẹni tó bá ti fẹ́ ọmọ yín ti di ẹni tí ń gbé omi fún yín. Níbi ìgbéyàwó, níbi òkú, níbi ìṣílé, àwọn ọkọ ọmọ ní í pa ẹlẹ́dẹ̀, àwọn ní í dáná, àwọn ní í fọ abọ́. Ìdílé ìyàwó á jókòó sórí ẹní, wọ́n á máa súre fún wọn. Ọlọ́run tí a fojú rí ni a ń pe ìdílé ìyàwó. Mi ò bá àṣà jà o. Inú àṣà yẹn ni wọ́n bí mi sí.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ná. Àsè a máa tán. Wọ́n á jẹ ẹ́ tán, ọkọ ọmọ á fọ ọwọ́ rẹ̀, á gba ilé rẹ̀ lọ. Ta ló wá sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé àsè tí kì í tán ni ṣọ́ọ̀ṣì?

Nígbà tí ọkọ mi gba iṣẹ́ yìí, ìjọ kéré débi pé bí ẹnì kan bá sín nínú ìsìn, a mọ ọmọ ẹni tó sín. Títì ò tíì dé. Lónìí títì ti dé, òtẹ́ẹ̀lì ti dé etí adágún, àwọn ọmọ tó lọ sí Medan àti Jakarta ti ń padà wá kọ́lé, ìsìn àárọ̀ di méjì, a tún ń ṣe ti àwọn ọ̀dọ́ nírọ̀lẹ́. Sátidé kan kì í kọjá láìsí ìgbéyàwó. Ta ló ń ṣílẹ̀kùn? Bàbá Sondang. Ta ló ń gbálẹ̀? Bàbá Sondang. Ta ló ń kó bẹ́ǹṣì síta bí èrò bá pọ̀, tó tún ń kó o wọlé bí òjò bá ṣú? Ta ló ń tún gbohùngbohùn ṣe, ta ló ń pọn omi ìrìbọmi, ta ló ń lé ewúrẹ́ kúrò ní itẹ́ òkú? Bí ẹnikẹ́ni bá kú ní agbègbè wa, ìbáà jẹ́ ìdájí, ìbáà jẹ́ pé oúnjẹ wà lẹ́nu òun fúnra rẹ̀, ọkọ mi ni yóò gun ilé agogo lọ lu agogo kí ìlú lè gbọ́. Ìjọ ti di ìlú ńlá, òṣìṣẹ́ kò kúrò ní ẹnì kan.

Bẹ́ẹ̀ ọkàn rẹ̀ kò le mọ́. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àṣírí. Nítorí rẹ̀ gan-an ni Pásítọ̀ Lamria ṣe pe ìpàdé náà. Ọmọdébìnrin ni pásítọ̀ wa yìí, kò fi bẹ́ẹ̀ ju Sondang ọmọ mi lọ, ṣùgbọ́n Ìyá Pásítọ̀ la ń pè é, ó sì yẹ ẹ́.

"Ẹ̀yin bàbá mi," ó ní, "dókítà tó wà ní Balige ti yẹ Bàbá Sondang wò. Ọkàn wọn ti wú. Dókítà ní bí wọ́n bá ṣì ń gun àtẹ̀gùn, tí wọ́n ṣì ń gbé ẹrù wúwo, ọkàn náà máa dá iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ kan. Mi ò ní kí ẹ lé wọn. Mo ní kí ẹ gba ẹlòmíràn kún wọn, ọ̀dọ́ tó lágbára, kí Bàbá Sondang máa mú kọ́kọ́rọ́ dání, kí wọ́n máa júwe iṣẹ́. Ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dórí."

"Ìyá Pásítọ̀," ẹ̀gbọ́n mi dá a lóhùn, pẹ̀lú ohùn tó fi máa ń rẹ ọmọ ọmọ rẹ̀ lẹ́kún, "ẹ ò tíì mọ ibí dáadáa. Bàbá Sondang kì í ṣe òṣìṣẹ́. Ọmọ ilé ni. Ṣé èèyàn máa ń háyà àlejò wá ran ọmọ ilé lọ́wọ́ ni?"

"Ọmọ ilé náà ń kú lọ, bàbá."

"Iṣẹ́ Ọlọ́run kì í pani."

"Ó dáa. Ìgbà wo lẹ rò pé ó yẹ kí ìjọ gba èèyàn kún èèyàn?"

"Ìgbà tí iṣẹ́ bá dúró. Ṣé agogo ti kọ̀, kò dún, rí? Ṣé ẹnì kan ti wá jọ́sìn kó bá ṣọ́ọ̀ṣì ní títì rí?"

"Bí ẹ bá dúró títí agogo ò fi dún, ó ti bọ́," Pásítọ̀ Lamria ní. "Ìgbà tí ẹnì kan bá ń ṣiṣẹ́ ẹni mẹ́ta, tí ẹ ò sì rí i torí pé kì í ráhùn, ìgbà yẹn gan-an ni. Ó tiẹ̀ ti kọjá."

Alàgbà kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Bàbá Rugun. Bí ẹ̀gbọ́n mi bá ní òjò ń rọ̀, Bàbá Rugun á ṣí agboòrùn nínú ilé. Ó nu ẹnu rẹ̀. "Ṣebí ó ń gba ìpín ẹran níbi gbogbo àsè. Ẹni tó ń jẹ ẹ̀dọ̀ ẹlẹ́dẹ̀ ní Sátidé-Sátidé, kí ló máa rẹ̀ ẹ́?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n rẹ́rìn-ín, èmi ìyàwó rẹ̀ sì wà lórí ìdúró, tí mo gbé ìkòkò kọfí dání. Wọ́n wá bọ́ sórí ọ̀rọ̀ mìíràn. Ẹ bi mí pé kí ni ọ̀rọ̀ náà. Ilé agogo ni. Ìjọ tó wà lẹ́yìn òkè ti kọ́ tiwọn, ó sì ga ju tiwa lọ, ojú ń ti àwọn alàgbà wa. Wọ́n fẹ́ gbé tiwa ga sókè sí i. Kò sẹ́ni tó bèèrè ibi tí owó yóò ti wá. Gbogbo wọn nawọ́.

Ẹ bá mi wò ó. Àtẹ̀gùn tí dókítà ní kí ọkọ mi má gùn mọ́, wọ́n ń gbìmọ̀ láti fi àtẹ̀gùn kún un.

"Ẹ̀gbọ́n mi," mo ní, "ta ni yóò máa gùn ún?"

Kò tilẹ̀ wo ojú mi. "Ìyá Sondang, kọfí ti tán nínú ife Bàbá Rugun."

Nígbà tí mo délé, ọkọ mi jókòó sí ẹ̀yìnkùlé, ó ki ẹsẹ̀ bọ inú omi gbígbóná tí Sondang fi atalẹ̀ sí fún un. Ẹsẹ̀ náà wú débi pé kò sí bàtà tó gbà á mọ́ ju bàtà onírọ́bà lọ. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, títí kan ti ẹ̀dọ̀ ẹlẹ́dẹ̀. Ọkùnrin yìí bú sẹ́rìn-ín.

"Òótọ́ ni pé mo fẹ́ràn ẹ̀dọ̀," ó ní.

"Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Ẹ dákẹ́ jù, Bàbá Sondang. Ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́."

"Ta wá ni kí n sọ fún? Àwọn tó fún mi níyàwó?"

"Láti ọjọ́ yìí wá, ṣé wọn ò tíì fún yín tán ni?"

Ó rẹ́rìn-ín títí ẹ̀rín náà fi di ikọ́. Mo gbá a lẹ́yìn. Nígbà tí ikọ́ lọ sílẹ̀, ó ní, "Ọkọ ọmọ kì í sọ pé ó rẹ òun. Bí mo bá sọ ọ́, ojú wo ni mo fẹ́ fi wò wọ́n?"

"Ojú tó wà lórí yín náà ni. Mo fẹ́ kó ṣì máa là sílẹ̀ ni."

Nígbà tó yá ló ní òun fẹ́ràn iṣẹ́ náà. Ó ní bí òun bá lu agogo fún òkú, òun máa ń rí i látòkè bí àwọn tó wà lóko ìrẹsì ṣe ń nà dúró, tí wọ́n ń ṣí fìlà, ìbáà jẹ́ òkú olówó, ìbáà jẹ́ ti tálákà, ó sì máa ń dùn mọ́ òun pé ọwọ́ òun ni wọ́n ń gbọ́. Báwo ni ẹ ṣe fẹ́ bá irú èèyàn bẹ́ẹ̀ jà? Mo bá ẹ̀gbọ́n mi jà nínú ọkàn mi dípò rẹ̀.

Àsìkò yẹn náà ni àwọn èèyàn ọmọkùnrin kan, Tohap, ti wá yọ́ ọ̀rọ̀ sọ fún wa pé ó fẹ́ fẹ́ Sondang. A ti gbà, a ti ní kí ìgbéyàwó jẹ́ lẹ́yìn ìkórè. Tohap ń tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ṣe ní èbúté, ọmọ jẹ́jẹ́ ni, ọwọ́ rẹ̀ kì í mọ́ nínú gíríìsì. Kò tíì di ọkọ ọmọ tán, ó ti ń ṣe bí ọkọ ọmọ: ó ti pààrọ̀ páànù tó ń jò lórí ilé ìdáná mi, mi ò sì ní kó ṣe é.

Sátidé tí Rugun ṣègbéyàwó ni nǹkan bàjẹ́. Ọmọ Bàbá Rugun ni mò ń wí, ọmọ elẹ́dọ̀ ẹlẹ́dẹ̀. Láàárọ̀ kùtù, ìyá arúgbó kan kú ní òkè ìlú. Àwọn ọmọ rẹ̀ wá kanlẹ̀kùn, ọkọ mi wọ bàtà onírọ́bà rẹ̀, ó gun òkè lọ lu agogo. Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, ètè rẹ̀ ti funfun. Mo ní kó jókòó. Ó ní èrò ìgbéyàwó ń bọ̀, bẹ́ǹṣì kò sì tíì tó níta. Mo ní kí àwọn alàgbà kó bẹ́ǹṣì. Ó wò mí bí ẹni pé mo ní kí àga ìwàásù bọ́ sílẹ̀ wá gbálẹ̀.

Ó kó bẹ́ǹṣì. Èmi ń to òdòdó lọ́wọ́ nígbà tí mo gbọ́ tí igi lu sìmẹ́ńtì gbàù. Àwọn tó wà nítòsí rò pé ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ láti mú nǹkan ni. Kò dìde. Mo sáré dé ibẹ̀, òógùn tútù bò ó, ojú rẹ̀ ń wò mí ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò lè sọ̀rọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi dé, nínú kóòtù dúdú rẹ̀, pẹ̀lú aṣọ òfì aláràbarà léjìká. Ó wo ọkọ mi nílẹ̀. Ó wo ẹnu ọ̀nà.

"Ẹ rọra gbé e sí ẹ̀gbẹ́ kan," ó ní. "Ìyàwó ti dé ẹnu géètì."

Ohun tí mo fi etí ara mi gbọ́ nìyẹn. Ọmọ bàbá mi ló sọ ọ́. Wọ́n kọ́kọ́ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ kan lóòótọ́, sí ìdí ògiri, wọ́n sì ti bẹ́ǹṣì sí iwájú rẹ̀ kí ìyàwó má baà rí i. Tohap ló ti àárín èrò já wá, tó gbé e pọ̀n bí ọmọdé, tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sáré lọ sójú títì. Èmi àti Sondang sáré tẹ̀ lé e. Orin ìyàwó ni wọ́n fi sìn wá jáde.

Ọlọ́run yọ ọ́. Dókítà kan náà ní Balige ló bá wa sọ̀rọ̀, kò sì fi ọ̀rọ̀ pamọ́ rárá. Ó ní bí irú èyí bá tún ṣẹlẹ̀, kí a má wulẹ̀ gbé e wá.

Nígbà tí a padà sílé, ìdílé mi wá kí i. Mo rò pé ojú á tì wọ́n. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí wọ́n gbé wá. Wọ́n gbé ẹja wá. Ẹja adágún ńlá, odindi, tí wọ́n fi ata andaliman sè tó ń mú ètè kú tipiri. Wọ́n gbé ìrẹsì wá, wọ́n gbé aṣọ òfì tuntun wá. Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn fún ọkọ ọmọ tí ìpayà tàbí àìsàn bá bá, kí ẹ̀mí rẹ̀ tó fò lè padà wá jókòó sára rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi fi aṣọ náà bo ọkọ mi léjìká, ó fi ìrẹsì sí i lórí, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ fi ẹja sí i lẹ́nu. Ó sì gbàdúrà. Kí n má purọ́, ẹnu rẹ̀ dùn. Omi ń bọ́ lójú ọkọ mi. Ayọ̀ ni. Ìdílé ìyàwó rẹ̀ ló wá sí ilé rẹ̀, gbogbo wọn pátá, wọ́n jókòó sórí ẹní rẹ̀.

"Ó ti tán," ẹ̀gbọ́n mi ní, ó sì nu ọwọ́. "A ti fún ẹ̀mí rẹ lókun. Ara rẹ á le bí òkúta odò. Ní ọjọ́ Ìsinmi, a ó máa fetí sí agogo."

Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín. "Ẹ̀gbọ́n mi," mo ní, "ṣé ẹja yìí ni yóò gun àtẹ̀gùn?"

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi tẹ ẹsẹ̀ mọ́ mi lẹ́sẹ̀. Ọkọ mi sì ń wò mí, ó ń fi ojú bẹ̀ mí pé kí n má ba ọjọ́ náà jẹ́ mọ́ òun lọ́wọ́. Mo gbé ọ̀rọ̀ tó kù mì.

Ohun tó ń bí mi nínú jù ni pé wọn kì í ṣe èèyàn burúkú. Ẹni burúkú ì bá mọ̀ pé òun ń ṣe é. Àwọn èèyàn mi wọ̀nyí lọ sílé, wọ́n sùn dáadáa. Wọ́n gbà pé àwọn ti san án. Ìjọ nílò òṣìṣẹ́, wọ́n gbé ẹja wá.

Ní ọjọ́ Ìsinmi náà, ọkọ mi dìde, ó wọṣọ, ó ní wọ́n ti súre fún òun. Mo tẹ̀ lé e, mo ń bú u lọ lójú ọ̀nà. Tohap wà lẹ́yìn wa. Nígbà tí a dé ìdí ilé agogo, Bàbá Sondang gun àtẹ̀gùn kìíní, ó gun ìkejì, ó di ògiri mú. Ó dúró bẹ́ẹ̀, ó ń mí. Tohap bọ́ bàtà, ó ní "Ẹ má bínú, bàbá," ó gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá sókè, agogo sì bẹ̀rẹ̀ sí í dún.

Bí ọkọ mi ṣe máa ń lù ú kọ́. Ó ń yára jù, gbogbo ìlú ló mọ̀ pé ọwọ́ mìíràn ni. Àwọn èèyàn jáde síta, wọ́n ń wo òkè. Ẹ̀gbọ́n mi náà jáde síta, ó gbé ọwọ́ sí iwájú orí, ó wo òkè, ó rí apá ọmọkùnrin náà, bó ṣe ń fa okùn bí ẹni fa okùn ọkọ̀ ojú omi. Mo rí ẹ̀gbọ́n mi tó rẹ́rìn-ín músẹ́. Láti kékeré ni mo ti mọ ẹ̀rín yẹn.

Wọn ò tilẹ̀ jẹ́ kó pẹ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ẹ̀gbọ́n mi dé, òun àti Bàbá Rugun àti àwọn alàgbà tó kù. Pásítọ̀ Lamria wà lẹ́yìn wọn, ojú rẹ̀ kò dùn. Tohap àti Sondang wà ní ilé ìdáná, wọ́n ń gbọ́ ohun gbogbo gba ara pákó. Ọkọ mi jókòó sórí ẹní, ó fi aṣọ tuntun wọn bora.

"Bàbá Sondang," ẹ̀gbọ́n mi ní, "a ti ro ọ̀rọ̀ Ìyá Pásítọ̀. Òótọ́ wà níbẹ̀. Iṣẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì ti pọ̀ ju ẹnì kan lọ."

Ọlọ́run gbọ́, inú mi dùn. Mo tilẹ̀ ti fẹ́ dìde lọ gbé omi wá fún wọn mu.

"A sì ti rí ẹni náà," ó ní. "Kò jìnnà. Tohap ni. Apá rẹ̀ le, ó ti mọ ọ̀nà òkè. Láti òní lọ kó máa lu agogo, kó máa kó bẹ́ǹṣì, kó máa gé koríko itẹ́ òkú. Kò ní ná ìjọ ní kọ́bọ̀. Ọkọ ọmọ ilé náà kọ́ ni?"

"Ẹja tiẹ̀ náà ń bọ̀," Bàbá Rugun ní.

Pásítọ̀ Lamria ní, "Bàbá, ohun tí mo sọ kọ́ nìyẹn. Mo ní kí ìjọ gba òṣìṣẹ́, kó máa sanwó oṣù fún un."

"Owó oṣù fún ọmọ ilé?" ẹ̀gbọ́n mi bi í. "Kí a fi owó bú u?"

Mo la ẹnu. Gbogbo èébú tí mo ti tọ́jú láti ìgbà ìpàdé kọfí, gbogbo rẹ̀ ti wà lórí ahọ́n mi. Ṣùgbọ́n ọkọ mi gbé ọwọ́ sókè, mo sì dákẹ́, nítorí mi ò rí i kó gbé ọwọ́ bẹ́ẹ̀ rí níwájú àwọn èèyàn mi. Ó ká aṣọ kúrò léjìká. Ó ṣẹ́ ẹ pọ̀ dáadáa, ó gbé e lé orí itan.

"Ọba mi," ó ní. Bí a ti ń pe ìdílé ìyàwó nìyẹn. "Mi ò tíì sọ pé rárá fún yín rí."

"Mo mọ̀."

"Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan. Tohap kì í ṣe ọkọ ọmọ yín. Ọkọ ọmọ tèmi ni. Níwájú yín, èmi ni mò ń gbé omi. Níwájú òun, èmi ni mo jókòó. Ẹ ò lè gba orí mi kọjá lọ rán ọkọ ọmọ mi níṣẹ́."

"Bàbá Sondang—"

"Mi ò tíì parí, ọba mi. Ẹ̀yin lẹ máa ń sọ ọ́ níbi gbogbo ìgbéyàwó, lẹ́nu yín ni mo ti kọ́ ọ: kí a bọ̀wọ̀ fún ìdílé ìyàwó, kí a sì máa kẹ́ ọkọ ọmọ. Èyí àkọ́kọ́, mo ti ṣe é títí ọkàn mi fi wú. Ìkejì kàn mí wàyí. Mo fẹ́ kẹ́ ọmọ yìí. Kó máa tún ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣe, kó máa sùn ti ìyàwó rẹ̀ láàárọ̀ tí òjò bá ń rọ̀. Mi ò fún yín."

Ohùn rẹ̀ ò le. Bó ṣe máa ń sọ pé omi ti hó, bẹ́ẹ̀ náà ló sọ ọ́. Nínú ilé ìdáná, mo gbọ́ tí Sondang bú sẹ́kún.

Ojú ẹ̀gbọ́n mi pọ́n. "O ń kọ̀ fún ìdílé ìyàwó rẹ?"

"Gẹ́gẹ́ bí ìdílé ìyàwó Tohap ni mo ṣe ń sọ̀rọ̀, ọba mi."

Kí ló fẹ́ sọ sí i? Ẹni tó bá tako ìyẹn, òun fúnra rẹ̀ ló yọ ẹsẹ̀ àga tó jókòó lé. Ẹ̀gbọ́n mi mọ àṣà, ẹ jẹ́ kí n fún un ní ìyẹn. Ó wo Bàbá Rugun, Bàbá Rugun ń wo ẹní.

"Ta wá ni yóò lu agogo?" ó bèèrè níkẹyìn.

"Ẹ háyà èèyàn," ọkọ mi ní.

Èmi wá fi tèmi lé e. "Ẹ̀gbọ́n mi, bí ẹ bá ti fẹ́ kẹ́ ọkọ ọmọ tiyín lọ́jọ́ tó ṣubú ni, ẹ ì bá má ti bẹ́ǹṣì bo ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀." Wọ́n dìde, wọ́n lọ. Mo jókòó ti ọkọ mi títí ilẹ̀ fi ṣú, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Wọ́n pa ọ̀rọ̀ ilé agogo tì, wọ́n sì gbà kí ìjọ háyà èèyàn. Pásítọ̀ Lamria kéde iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n kò sí ọmọ ìlú wa kan tó yọjú. Ta ni yóò yọjú? Kò sí ọkùnrin kan ní Lumban Hapadan tí kì í ṣe ọkọ ọmọ ẹnì kan, gbogbo wọn sì ti rí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Bàbá Sondang. Ẹni tó wá, ọmọ Nias ni, láti erékùṣù tó wà nínú òkun lọ́hùn-ún. Fatizaro lorúkọ rẹ̀. Ó ti ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì kan rí ní Sibolga.

Àgbàlá ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò. Mo lọ, kò sẹ́ni tó pè mí. Bàbá Sondang jókòó sórí àga kan níbi tí oòrùn àárọ̀ wà, nítorí òun ni yóò júwe iṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi dúró níwájú ọmọkùnrin náà, ó fi ọwọ́ sẹ́yìn.

"Ìdílé wo lo ti fẹ́yàwó níbí?"

"Mi ò mọ ẹnikẹ́ni níbí, bàbá," Fatizaro dáhùn. "Ìyàwó mi wà lọ́dọ̀ àwọn òbí rẹ̀ ní Nias. Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ bèèrè ohun kan."

"Bèèrè."

"Aago mélòó ni iṣẹ́ máa ń bẹ̀rẹ̀, aago mélòó ló sì máa ń parí?"

Ẹ̀gbọ́n mi wò ó. Mo rí i pé ó ń wá èsì náà lóòótọ́, kò sì rí i. Àgbàlagbà tó ti jẹ olórí alàgbà láti ìgbà tí mo ti bí Sondang. Ó yí padà sí ọkọ mi.

"Bàbá Sondang," ó ní, "aago mélòó ni iṣẹ́ rẹ máa ń parí?"

Ọkọ mi rò ó. Kò fi ṣe yẹ̀yẹ́, ó rò ó gan-an, ó ń fi ọwọ́ pa orúnkún rẹ̀.

"Ọba mi," ó ní, "kò tíì parí rí."